Láti Ìsánlú dé ẹsẹ̀ ère Noguchi ní Tokyo: bí ẹ ṣe máa lọ, àti ohun tí ẹ máa wò

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Tokyo, tó ń pè yín pé kí ẹ wá kí òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ nínú ìrìn àjò náà. Ère ọkùnrin kan wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Ueno tí mo fẹ́ kí ẹ lọ wò. Noguchi Hideyo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Japan ni, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ni, ṣùgbọ́n Accra ló kú sí, ní ọjọ́ 21 oṣù May, 1928. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó wá wádìí ní ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí ló pa á. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, mo sì fẹ́ júwe ọ̀nà fún yín láti ilé wa títí dé ẹsẹ̀ ère náà.

Òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni mí ní Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé kúlà abẹ́rẹ́ sórí ọ̀kadà láti Ìsánlú lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í fẹ́ dé nígbà òjò. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, mo máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ èéyi, mo sì máa ń gún un ní ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Láti 2004 ni ti ibà yìí ti wọ inú abẹ́rẹ́ tí gbogbo ọmọ ń gbà ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá a máa bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, èyí ńkọ́, kí ló wà fún?" Ní 2017, nígbà tí ibà náà yọ ní Ifẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí ìpolongo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì kàn ìpínlẹ̀ Kogi náà, kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Wọ́n kàn ń gbé ọmọ wá ni. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn bí abẹ́rẹ́ náà ṣe dé ọwọ́ wa. Inú ìtàn yẹn ni mo ti pàdé Noguchi, kí ọmọ mi tó pè mí pé, "Yèyé, mo ń parí ẹ̀kọ́ mi ní March, ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀." March 2024 ló wí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò yín ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Páṣípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, Lọ́kọ́ja sì ni àwa ti ń lọ ya àwòrán rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ tẹ́ ìwé NIN, ìwé ìbí àti ìwé báńkì yín sórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹ́ orúkọ bàbá ní ilé ìwé, tí a ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní ibi iṣẹ́, tí akọ̀wé kan sì ti yọ lẹ́tà kan kúrò nínú orúkọ àbísọ wa láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti físà, ẹni tó pè yín ló ní iṣẹ́ jù. Òun ló máa kọ lẹ́tà ìpè tó sọ ìdí tí ẹ fi ń bọ̀, òun ló máa wá onídùúró, òun ló máa lọ gba ẹ̀rí ibùgbé rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àdúgbò tó ń gbé, tó sì máa to ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan. Ẹ̀yin náà ẹ máa kó ẹ̀rí iṣẹ́ àti ìwé báńkì yín kún un, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá. Nínú ìwé ètò ojoojúmọ́ yẹn ni kí ẹ ti fi ọjọ́ ère náà sí. Ọmọ mi ti kọ "ìsinmi" sí ọjọ́ kan. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ Ueno. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi lọ rajà mọ́ mi lọ́wọ́.

Báńkì tí mo ń lò tẹ ìwé owó mi jáde láìlu òǹtẹ̀ sí i. Àbújá ni mo ti mọ̀. Mo padà sí Kàbbà nítorí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, mo tún gba ọ̀nà Ọbajànà padà láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé yín kí ẹ tó jáde ní báńkì.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ti yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí ìgbà tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé ni káàdì náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìgùn kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ní èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń ba àwọn kan, tí àwọn mìíràn sì ń sá fún ìlà. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ́ apá yín sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta tí mo máa dárúkọ níwájú ni ibà náà pa kí ohun tó wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ yẹn tó lè dé ọwọ́ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ Japan kì í béèrè káàdì náà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ mú un dání. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe níbẹ̀.

Ẹrù: ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí kílíṣí fún ọmọ yín, wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé, ì báà gbẹ bí igi. Ẹ di aṣọ òtútù. Òtútù March níbẹ̀ ju ọyẹ́ wa lọ fíìfíì, kò sì ní eruku tó máa kìlọ̀ fún yín kó tó dé. Bàtà tó bá rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ni kí ẹ wọ̀, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ní ìlú yẹn.

Ẹ sùn ní Àbújá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má fi òru gba ọ̀nà wa. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó lọ tààrà láti Nàìjíríà sí Japan. Àwọn kan a gba Addis Ababa, àwọn kan a gba Dóhà tàbí Dùbáì. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ fi wákàtí mẹ́jọ kún aago ilé: bí ó bá jẹ́ aago méje àárọ̀ ní Ìsánlú, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù ní Tokyo. Ẹ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sùn. Ẹni tí oorun ń kùn ló máa wo ère tí kò ní rí i.

Láti pápákọ̀ òfurufú Narita, ojú irin Keisei lọ tààrà sí Ueno. Èyí tó yára kò tó wákàtí kan; èyí tó ń dúró lọ́nà lé ní wákàtí kan, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Nínú ìlú, ẹ ra káàdì rélùwéè kan bíi Suica, kí ẹ kó owó sínú rẹ̀, kí ẹ máa fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè nínú ọkọ̀. Èmi tí mo ti mọ́ra láti kí gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Mọ̀pà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọ́n ń fún ara wọn láyè ni.

Ueno gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ibùdókọ̀ náà tóbi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá gba èyí tí kò yẹ lè bá ara rẹ̀ nínú ọjà Ameyoko láàárín ẹja àti bàtà. Bí ẹ bá wọ rélùwéè JR, ẹ wo àkọlé òkè, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Park Exit" sí. Láti 2020 tí wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe, bí ẹ ṣe ń jáde ni ọgbà náà wà níwájú yín. Ẹ kò ní dá títì mọ́tò kọjá. Gbọ̀ngàn orin ńlá kan wà lọ́wọ́ òsì yín, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà àwọn Òyìnbó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ rìn kọjá ilé ọwọ́ ọ̀tún yìí, kí ẹ wá yà sọ́tùn-ún. Ẹ máa rí àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù kan tó tóbi tó ilé, tó ń rì bọ inú ilẹ̀ bí ẹni pé òkun ni. Iwájú ilé àkójọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ẹ̀ńjìnnì rélùwéè dúdú àtijọ́ kan náà wà níbẹ̀. Ẹ kẹ́yìn sí ẹja yẹn, kí ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń tú sókè nínú adágún ńlá. Láàárín àwọn igi tó wà láàárín ilé yẹn àti omi yìí ni Noguchi dúró sí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ẹnu ọ̀nà rélùwéè, bí ẹ tilẹ̀ ń rìn bíi tèmi tí orúnkún ń dùn.

Ẹni tó bá ti Keisei wá, apá gúúsù ọgbà ló máa gbà wọlé, ère tó sì máa kọ́kọ́ rí ni ti ọkùnrin tó sanra kan tó mú ajá dání. Ẹ má dúró síbẹ̀. Jagunjagun ni, Saigo Takamori lorúkọ rẹ̀, 1898 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, òun sì ni gbogbo èrò máa ń yà fọ́tò rẹ̀. Ẹ kí i, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ sí apá àríwá.

Kò sí owó ìwọlé. Aago márùn-ún ìdájí ni ọgbà náà máa ń ṣí, aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń tì. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù April ni èmi lọ. Òdòdó igi sakura pẹ́ kó tó yọ lọ́dún yẹn, ó wá tanná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá fi máa di ọ̀sán, gbogbo Tokyo ti tẹ́ ẹní búlúù sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n òdòdó ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ọkùnrin onídẹ náà.

Ó ga. Àti òun àti òkúta tó dúró lé, ó tó mítà mẹ́rin àbọ̀. Yoshida Saburō ló mọ ọ́n, March 1951 ni wọ́n sì ṣí i níbẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ láàbù, ó gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, ó ń wo inú rẹ̀. Èmi náà máa ń gbé ìgò abẹ́rẹ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fà á, láti wò ó bóyá ó ti dì tàbí ó ti bàjẹ́. Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ yí i ká ní ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa rí fún yín, ẹ fi ojú ara yín wò ó, pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́kàn. Ní 1876 ni wọ́n bí i ní Inawashiro, ní Fukushima, ilé olóko tálákà. Seisaku ni wọ́n sọ ọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tó já sínú ààrò tó wà láàárín ilé, bí ìyá rẹ̀ ṣe jáde lọ ṣiṣẹ́. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ jóná, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ náà pe orúkọ fún un. Nígbà tó wà nílé ìwé, ó kọ àròkọ nípa ọwọ́ yìí, àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá owó jọ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó rí i tí ìka rẹ̀ là, ó ní dókítà ni òun máa dà.

Ọmọ ààrò mélòó ni wọ́n ti gbé wá bá mi! Wọ́n á ti fi ẹyin ra á, wọ́n á ti fi epo pupa ra á, nígbà míì wọ́n á ti fi eérú sí i. Níwọ̀n bí a ti dé orí rẹ̀: omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sójú iná náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kí ẹ máa gbé ọmọ bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìka méjì tó bó gbẹ pọ̀ láìní aṣọ láàárín wọn. Níwájú ère yẹn, ojú àwọn ọmọ mẹ́ta ni mo rí, ọ̀kan nínú wọn ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ báyìí.

Lẹ́yìn ọwọ́, ẹ wo ìgò náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rò, torí Noguchi ṣe àṣìṣe.

Ó ti di gbajúmọ̀ ná. Ní 1900 ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí oró ejò. Láti 1904 ó wà ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Ní 1913, ó fi hàn pé kòkòrò syphilis, àrùn kan tí ènìyàn ń kó nípa ìbálòpọ̀, wà nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn ọpọlọ kan, èyí sì jẹ́ òtítọ́ títí di òní. Ní 1918 ó lọ sí Guayaquil ní Ecuador, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ojú wọn pọ́n wò, ó rí kòkòrò kan, ó ní òun ti rí ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi ṣe abẹ́rẹ́.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwa fún àìsàn náà: pọ́njú, pọ́ntọ̀. Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Àmì ni orúkọ yẹn ń sọ, kò sọ ẹni tó ṣe é. Mo ti rí ojú pípọ́n tó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, mo ti rí ti ibà lásán tó le kọjá ààlà. Àìsàn kan sì wà tí ìtọ̀ eku ń kó bá ènìyàn, òun náà a máa mú ojú pọ́n. Irú kòkòrò ti àìsàn eku yìí ni Noguchi rí. Òun tí ó ní awò tó ń mú kòkòrò tóbi lójú kó sí kòtò tí èmi náà lè kó sí ní Ìsánlú láìní awò kankan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Àwọn oníwàdìí Rockefeller tó wà ní Yábàá, l'Ékòó, sọ pé àwọn wá kòkòrò rẹ̀ títí, àwọn kò rí i. Ní 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Ghana kan tó ń jẹ́ Asibi, wọ́n fi gún ọ̀bọ, ọ̀bọ náà ṣàìsàn. Fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tó kéré ju ohun tí awò ìgbà náà lè rí. Asibi yè. Adrian Stokes, dókítà tó wà lára àwọn oníwàdìí yẹn, kó ibà náà, ó kú l'Ékòó ní September 1927. Noguchi lè jókòó sí New York kó máa jiyàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Accra ní November 1927, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti mọ ẹni tó jàre. Ní May 1928 ó wá sí Èkó, ìgbà tó padà dé Accra ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ó sọ lórí àkéte pé òun kò lóye. Lẹ́yìn tó kú, William Young, dókítà ará Britain tó ń bá a ṣiṣẹ́, náà kó o, oṣù May yẹn kan náà ni òun náà kú.

Stokes, Noguchi, Young. Ẹni mẹ́ta tí mo ní màá dárúkọ nìyẹn.

Inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni abẹ́rẹ́ wa ti wá. Max Theiler, ní Rockefeller kan náà, fi fáírọ́ọ̀sì náà gba inú ẹran ara lọ sínú ẹran ara títí tó fi rọ̀, tí kò lè pa ènìyàn mọ́. Ní 1937 wọ́n kéde rẹ̀; 17D ni wọ́n ń pè é, òun náà ni a ṣì ń gún títí di òní. Ní 1951 wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ padà sókè kí ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣí ère Noguchi. Ọdún kan náà.

Níbẹ̀ ni kí ẹ ti mú yẹ́lò káàdì yín jáde. Mo ṣí tèmi, mo gbé e sókè níwájú rẹ̀ kó rí i. Ọmọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú ń tì í díẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n parí. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan bí mo ṣe ń kí àgbà nílé. Ìyá kan nínú ìjọ wa bi mí nígbà tí mo dé pé, ṣé ère ni mo ń kúnlẹ̀ fún. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ tí mo ń fi ọwọ́ mi ṣe ni mo kí. Àwọn ará ibẹ̀ tẹ ara ba fún un, àwa a máa kúnlẹ̀. Ẹ ṣe bí ọkàn yín bá ti rí.

Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ pẹ̀lú ìtàn ẹni mímọ́. Ní nǹkan bí 1911 sí 1912, Noguchi dán èròjà kan tó fi ń wá syphilis wò lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní New York, àwọn ọmọ òrukàn wà lára wọn, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Èmi tó jẹ́ pé kò sí ọmọ tí mo gún láìkọ́kọ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí dùn mí gan-an, mo sì sọ ọ́ fún ọmọ mi níbẹ̀, lábẹ́ ère náà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí ẹ bá mú dání. Ohun tí ère kò lè sọ, ẹnu yín ni yóò sọ ọ́.

Bí ẹ bá lè rí owó bébà Japan ẹgbẹ̀rún kan yen tó jẹ́ ti àtijọ́, ẹ mú un dání. Ojú Noguchi ló wà lórí rẹ̀ láti 2004 títí di July 2024, kí wọ́n tó fi Kitasato Shibasaburō rọ́pò rẹ̀, ẹni tí Noguchi ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ṣì ń ná a. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ère, kí ẹ wò wọ́n pọ̀.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ rántí ìyá rẹ̀. Shika lorúkọ obìnrin yẹn. Agbẹ̀bí ni. Kò kàwé, ó ti dàgbà kó tó kọ́ lẹ́tà, nítorí kí ó lè kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tó kọ ní 1912 ṣì wà ní ilé ìrántí tó wà ní Inawashiro. Ohun tó bẹ̀ ẹ́ nínú rẹ̀ ni pé kó tètè wá, kó tètè wá. Ó sọ pé òun ń kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gbàdúrà, òun ń kọjú sí ìlà oòrùn gbàdúrà. Ọdún 1915 ni ọmọ náà tó lọ rí i, ìgbà yẹn nìkan ṣoṣo ni. Ọdún mẹ́rin ni èmi náà kò fi rí ọmọ tèmi. Mo ka lẹ́tà yẹn lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé ibi omi. Ẹni tó bá ní ọjọ́ tó pọ̀, Shinkansen, rélùwéè tó ń sáré jù, láti Ueno máa gbé e dé Kōriyama, kó wọ rélùwéè mìíràn lọ sí Inawashiro. Ilé tí wọ́n bí i sí àti ààrò náà ṣì wà. Ọjọ́ mi kò tó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹnì kankan ní Japan, ọ̀nà yín kúrú ju tiwa lọ. Láti Kàbbà ẹ lọ sí Èkó, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀, Kùtọ̀nù, Lomé, ẹ wọ Ghana ní Aflao. Páṣípọ́ọ̀tù ECOWAS ti tó, ẹ kò nílò físà. Ní Accra, ẹ béèrè Korle Bu, ilé ìwòsàn ńlá tí ilé iṣẹ́ Noguchi wà, kí ẹ sì lọ sí Legon, níbi tí ilé ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti ń ṣiṣẹ́ láti 1979. Ilé ìwòsàn ni Korle Bu, aláìsàn wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ, kí ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì yín dání o. Ní Tokyo, èmi ni mo fúnra mi mú un jáde. Ní bodè Aflao, wọn á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.